Ṣé O Mọ̀? Pípààrọ̀ Hard Disk Nínú Libretto

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1996, Toshiba ti ṣe láptọ́ọ̀pù kan tí kò wúwo tó kílò kan, tó sì ń lo Windows 95 gan-an? Libretto 20 lorúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Jàpáánì ló sì ti jáde. Gíráàmù 840 ni ìwọ̀n rẹ̀, mìlímítà 210 ni gígùn rẹ̀, 115 ni fífẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ hard disk inú rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 270 lọ. Fọ́tò tí fóònù ayé ìsinsìnyí bá yà níbi ìkómọjáde kan ṣoṣo lè kún un dẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo hard disk oní-ínǹṣì-méjì-àbọ̀ ló dọ́gba? Fífẹ̀ wọn bára mu, nínípọn wọn ni kò bára mu. Libretto 50 àti 70, àwọn àbúrò 20 yẹn, kò gbà ju mìlímítà 8.45 lọ. Èyí tó wá gba ọjà kan lẹ́yìn náà nípọn tó 9.5. Ohun tó fi lé kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó tó láti má jẹ́ kí ara ẹ̀rọ padé mọ́. Béèrè nínípọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó béèrè iye gígábáìtì.

Ṣé o mọ̀ pé píìnì 44 ló wà lẹ́nu hard disk náà? Ogójì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Lára mẹ́rin tó kù ni iná ti ń wọlé, fóólítì 5 péré. Mẹ́rin mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́yìn àlàfo kékeré kan. Wọn kì í ṣe ara 44 yẹn o! Tí o bá ki ẹnu okùn bọ ibẹ̀, iná lè gba ibi tí kò yẹ, disk á sì bàjẹ́ pátápátá.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé káàdì CompactFlash, tí àwọn ayàwòrán máa ń kì bọ kámẹ́rà tẹ́lẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ hard disk yìí? Ọdún 1994 ni SanDisk gbé e jáde. Ọ̀nà kan náà tí hard disk ayé ìgbà yẹn ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni òun náà ń gbà, nítorí náà, ohun tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ kò ju wáyà àti ihò lọ. Mìlímítà 3.3 ni nínípọn rẹ̀, ọ̀rọ̀ 8.45 sì tán síbẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Fujio Masuoka, ẹni tó dá irú mẹ́mọ́rì tó wà nínú káàdì yìí sílẹ̀, tó sì fi han àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1984, Toshiba yìí kan náà ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà.

Ṣé o mọ ìdí tí disk gígábáìtì 20 fi lè dà bí 8 péré lójú ẹ̀rọ àtijọ́? Nọ́ńbà mẹ́ta ni BIOS rẹ̀, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, fi ń wá ibi tí nǹkan wà lórí disk. Àkọ́kọ́ kò lè ju 1,024 lọ, ìkejì kò lè ju 256, ìkẹta kò lè ju 63. Sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, kí o tún fi báìtì 512 sọ ọ́ di púpọ̀: 8,455,716,864 ni yóò jẹ́. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, BIOS kò rí i. Linux, ètò tí èèyàn lè lò dípò Windows, kì í dúró de BIOS ní tirẹ̀: tó bá ti jí tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń wo disk. Ohun tó fi ń jí nìkan ló gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ààlà yẹn.

Windows 95 àkọ́kọ́ tilẹ̀ tún ní ààlà tirẹ̀: ìpín kan lára disk kò gbọ́dọ̀ ju gígábáìtì 2 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé oorun Libretto lè ba fáìlì rẹ jẹ́? Bó bá fẹ́ pa iná ara rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ ṣì wà nílẹ̀, BIOS á da gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì sí ìparí disk. Ìparí wo? Èyí tí òun rí! Lórí disk gígábáìtì 20, àárín ni ibẹ̀ bọ́ sí, á sì kọ nǹkan lé ohun tó bá bá níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń pín disk, jẹ́ kí ìpín àkọ́kọ́ parí ṣáájú ààlà BIOS, fi mẹ́gábáìtì bí 100 sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀, kí ìpín kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Libretto kò ní ojú CD? Inú kọ̀ǹpútà mìíràn ló ti rọrùn jù láti kọ Windows sórí disk tuntun náà, kí o tó gbé e wọlé.

Disk àtijọ́ tí o yọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé bí o bá pa fáìlì rẹ́, àmì ibi tó wà nìkan ló sábà máa ń lọ, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ṣe ń gbé ìwé onílé àtijọ́ wọ ọjà. Kọ òdo bo gbogbo rẹ̀ kí o tó fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́gábáìtì 270 kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.