Máàkì BOINC Kò Sí Nínú Orúkọ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì nípasẹ̀ BOINC ni pé ètò náà ka ọpọlọ mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà wọn, síbẹ̀ máàkì tí wọ́n ń rí gbà kò tó ìlọ́po mẹ́jọ ti ẹyọ kan, wọ́n sì gbà pé àwọn tó ń pín máàkì ló ń rẹ́ wọn jẹ. Àwọn tó ń mú ẹ̀sùn yìí wá ti mọ̀ pé Yunifásítì California ní Berkeley ni BOINC ti wá, àti pé iṣẹ́ SETI@home tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 ló ṣínà fún un, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì lóye ni ohun tí ètò náà ń ṣe nígbà tó bá ń dá ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ̀, nítorí pé kì í wọn ọpọlọ náà wò nígbà yẹn, ńṣe ló ń bi í léèrè. Nínú ọpọlọ tí Intel tàbí AMD ṣe, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ CPUID, tí ètò èyíkéyìí lè fi bèèrè ẹni tó ṣe ọpọlọ náà, irú èyí tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe. Lẹ́tà méjìlá ló fi ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: ti Intel a máa dáhùn pé GenuineIntel, ti AMD a sì máa dáhùn pé AuthenticAMD, lẹ́yìn náà ni yóò sọ nọ́ńbà ìdílé rẹ̀, tí yóò sì ka àwọn ọgbọ́n ìṣirò tó ní, bíi SSE2 àti AVX, tó ń jẹ́ kí ó lè ṣírò nọ́ńbà púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn wọ̀nyí ni BOINC ń fi ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín iṣẹ́, kí ó lè mọ irú ètò tí yóò gbé fún kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n kò sí máàkì kankan nínú wọn. Kódà iye GHz tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ ọpọlọ mìíràn, ilé iṣẹ́ ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kì í sì í yí padà bí ooru tilẹ̀ mú kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà falẹ̀.

Ní ti iye ọpọlọ, mẹ́jọ tí ètò náà kà lè má ju mẹ́rin lọ nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Hyper-Threading, nítorí pé ọgbọ́n yìí ń jẹ́ kí ojú ibi ìṣirò kan ṣoṣo fara hàn bíi méjì, gẹ́gẹ́ bí alásè méjì ṣe ń lo ààrò kan, tí ọ̀kan ń rẹ́ ata nígbà tí ìkejì gbé ìkòkò kaná. Iṣẹ́ tó ń parí lápapọ̀ yóò pọ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò pẹ́ ju bí ì bá ti pẹ́ lọ, kò sì lè di ìlọ́po méjì.

Iṣẹ́ tó parí ni máàkì ń tẹ̀ lé. Òdiwọ̀n rẹ̀ ni Cobblestone, tí wọ́n fi sọrí Jeff Cobb tó bá SETI@home ṣiṣẹ́: kọ̀ǹpútà tó bá lè ṣe bílíọ̀nù kan ìṣirò nọ́ńbà onípọ́íǹtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò Whetstone ṣe wọ̀n ọ́n, yóò gba 200 bí ó bá fi odindi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́, nítorí náà èyí tó ń ṣe bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ tí ó sì fi wákàtí mẹ́fà ṣiṣẹ́ yóò gba 125. Kọ̀ǹpútà olùyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìdánwò yìí, òun náà ló sì ń ròyìn rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì gbà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ, nígbà tí ìdánwò náà ń fún Linux ní iye tó kéré ju ti Windows lọ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, àwọn kan tún ètò náà kọ láti fi gba ẹ̀tọ́ wọn, èyí tó ṣeé gbọ́ sétí, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn fẹ iye náà láìnítìjú. Ohun tó ká wọn lọ́wọ́ kò ni pé àwọn tó ń pín iṣẹ́ fi iṣẹ́ kan náà rán kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fi èsì wọn wéra, bí ó bá sì jẹ́ méjì, iye máàkì tó kéré ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, wọ́n ju èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù nù. Láti ọdún 2010 ni ìlànà mìíràn tún ti wà, tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wé àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Bí ìlànà tuntun yìí ṣe ń ṣírò máàkì gba àlàyé gígùn, ṣùgbọ́n ìwà kan ń ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ tó yẹ kí ó ṣáájú. Nínú fáìlì cc_config.xml ni ìlà kan wà tó ń jẹ́ ncpus, tí wọ́n fi síbẹ̀ fún àwọn tó ń yẹ àṣìṣe ètò wò, tí a sì lè fi purọ́ iye ọpọlọ fún BOINC. Ẹni tó kọ 64 síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ mẹ́rin kò ní rí ju ìyà lọ, nítorí pé iṣẹ́ tó tó 64 lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè gba àyè ìrántí kọ̀ǹpútà tán, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn sì lè kọjá kí wọ́n tó parí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ tó ni iṣẹ́ náà yóò máa dúró de èsì tí kò tètè dé. Ẹni tó bá ń gba BOINC tí àjèjì ti tún kọ, nítorí ìlérí máàkì ọ̀fẹ́, ti gbé kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó sì fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ láìgba àṣẹ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ìlà ncpus yẹn tẹ́lẹ̀ ní láti yọ ọ́ kúrò, kí ó pa ètò náà, kí ó tún un ṣí, kí ó sì fagi lé àwọn iṣẹ́ tí kò ní lè parí ṣáájú ọjọ́ wọn, kí sáfà lè tètè gbé wọn fún ẹlòmíràn.