Eyín Ẹja Kò Mọ Kìlò: Bí A Ṣe Ń Yan Okùn Ìdí Ìwọ̀

Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí odò Ouémé, ní apá ibi tí afárá Ṣábẹ̀ wà. Omi ti fà. Àpáta ti yọrí, ẹja sì ti kó ara wọn jọ sínú àwọn ibú tó ṣẹ́kù. Ọmọkùnrin àbígbẹ̀yìn wọn, tó ń múra ìdánwò BEPC, ti ra okùn tuntun láti Kútọnu. Okùn oníwíwun ni, ó pupa, wọ́n sì kọ «30 kg» gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ọmọ náà so ìwọ̀ mọ́ ọn tààrà. Kí oòrùn tó mú, ìwọ̀ mẹ́ta ti lọ. Ẹ̀kẹta ló dùn ún jù. Ẹja náà fò jáde nínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a rí i bó ṣe ń dán bíi fàdákà, gbogbo wa pariwo, lẹ́yìn náà ni okùn rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìwé àti owó aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ yìí ń wá lórí omi.

Bàbá gba okùn náà, wọ́n wo ojú ibi tó ti já. Wọ́n ní:

«Èyí kò já. Wọ́n gé e ni. Ẹja kò mọ̀wé, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí.»

Ẹja tó gé e ni èyí tí a ń pè ní poisson-chien nígbà tí a bá ń sọ Faransé. Orúkọ náà kò ṣàdédé wáyé. Ọ̀mọ̀wé Georges Cuvier pe ìran ẹja yìí ní Hydrocynus, èyí tó túmọ̀ sí ajá omi ní èdè Gíríìkì. Ní 1819 ló dárúkọ irú èyí tó wà nínú odò wa, Hydrocynus forskahlii, ní ìrántí Peter Forsskål, ará Swídìn kan tó kú ní Yemen ní 1763 níbi tó ti ń kó ewéko àti ẹran omi jọ fún ìmọ̀. Ẹ wo ẹnu ẹja náà dáadáa bí ẹ bá rí i lọ́jà. Eyín rẹ̀ gùn, ó mú, ó jìnnà síra. Tòkè ń wọ àlàfo tìsàlẹ̀, wọ́n sì hàn síta bó tilẹ̀ pa ẹnu dé. Bí wọ́n bá gbó, wọ́n á bọ́, tuntun á hù rọ́pò wọn. Ẹ má ṣe retí pé ẹja tó dàgbà yóò di kòléyín.

Èkejì rẹ̀ ni Hepsetus odoe, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní brochet africain. Òun kò fẹ́ràn omi tó ń sáré. Inú omi tó dákẹ́, lẹ́bàá koríko, ló máa ń lúgọ sí. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kún fún eyín ṣóńṣó. Ẹja yìí a máa fi ìfófòó kọ́ ìtẹ́ sójú omi, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí; bí ẹ bá rí irú ìfófòó bẹ́ẹ̀ létí koríko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ju ìwọ̀ yín síbòmíràn. Ẹja tó ń wú bíi bọ́ọ̀lù náà ń gé okùn, nítorí eyín rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di bí àgógó ẹyẹ. Ṣùgbọ́n májèlé ni ẹran rẹ̀ lè jẹ́, nítorí náà n kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń mú un.

Okùn kúkúrú tó wà láàárín okùn gígùn àti ìwọ̀, tí a ń pè ní bas de ligne, òun ni mo pè ní okùn ìdí ìwọ̀. Òun ni eyín ń bá pàdé. Kìlò tí wọ́n kọ sára páálí ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí okùn lè gbé bí a bá fà á gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ eyín kì í fa okùn, gígé ló ń gé e. Okùn oníwíwun ń gbé ẹrù púpọ̀ bó tilẹ̀ tín-ín-rín, nítorí fọ́nrán rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kéré jọjọ, nígbà tí ẹja bá sì fà á tó le gan-an, abẹ kan ṣoṣo ti tó.

Olùkọ́ PCT ni mí, àìsàn wa sì ni kí a dán nǹkan wò. Mo ní kí ọmọ náà mú ayùn tí wọ́n fi ń rẹ́ irin wá. Ó di í mú kí eyín rẹ̀ kọjú sókè, mo fa okùn pupa náà lé e lórí. Ó já kí n tó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà sì já. Wáyà irin kàn ha lára ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ìdánwò yìí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó tó náwó.

Irin ni ká lò, ìyẹn ti yé wa. Irú irin wo? Wáyà onífọ́nrán kan le, ó tín-ín-rín, eyín kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti ká lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ká náà ni yóò ti ṣẹ́. Ẹ má tún un nà, ẹ sọ ọ́ nù. Wáyà onífọ́nrán 7 rọ̀ jù ú lọ. Èyí tó ní 49 rọ̀ bí òwú, ó sì ṣeé ta ní kókó, àmọ́ eyín lè já fọ́nrán rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹ fura. Ẹ máa fi ìka kàn án lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń gún yín lọ́wọ́, ó ti parí nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bò dára lójú, ṣùgbọ́n bí eyín bá bó ọ̀rá náà, omi á dúró sábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà á sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó. Títáníọ́mù kì í dípẹtà, kì í tètè ká; owó rẹ̀ ni kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́.

Ohun tí àwọn apẹja wa ń lò jù ni okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́. Bàbá ti ń lò ó kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n á tú u, wọ́n á yọ fọ́nrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sórí iná títí yóò fi pọ́n, kó lè rọ̀ fún lílọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kò ti bára mu. Mo ní:

«Bàbá, ẹ dákun, iná yẹn ń ba irin jẹ́.»

Wọ́n rẹ́rìn-ín. «Olùkọ́, àtọdún wo lo ti ń pẹja?»

A so fọ́nrán méjì mọ́ ẹ̀ka igi ọdán, ọ̀kan tó ti wọná, ọ̀kan tí kò wọná. A fi garawa omi lítà 10 kọ́ èyí tí kò wọná, ó gbé e, garawa ń yí lọ yí bọ̀. Nígbà tí a kọ́ ọ sí èkejì, ó já, omi sì da sí wa lẹ́sẹ̀. Nílé iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n fa wáyà yẹn gba ojú ihò kékeré kí ó lè le. Iná ń mú líle náà kúrò. Bí wọ́n bá sì ti fi síǹkì bò ó, iná ń jó síǹkì náà, ìpẹtà kò sì ní jìnnà mọ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, «Ìdí nìyẹn tí ẹja ńlá ìjọ́sí fi lọ.» N kò bi wọ́n léèrè èwo ni ìjọ́sí.

Láti ọjọ́ náà, a kì í fi iná kàn án mọ́. Fún ajá omi, a ń lọ́ fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Fún èkejì inú koríko, ọ̀kan tó. Bí a ṣe ń so ó kò ṣòro: ẹ ki wáyà bọ ojú ìwọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn bí ìgbà márùn-ún, kí wọ́n máa gba orí ara wọn kọjá lọ́gbọọgba, kì í ṣe kí ọ̀kan kàn wé èkejì tó nà tọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wé ìyókù yípo pẹ́kípẹ́kí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má fi ẹ̀mú gé ìrù rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí yóò fi ṣẹ́, nítorí ìrù tí ẹ̀mú gé ń ya ọwọ́ bí abẹ. Ìwọ̀n gígùn 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà tó, kí ẹja má baà yí orí kí eyín rẹ̀ dé orí okùn gígùn. Ẹni tó bá ń fi ẹja kékeré ṣe ìjẹ lè fi 10 kún un, torí gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì. Òrùka tó ń yí ni kó wà lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn yóò lọ́ pọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ nù ún, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á.

Lẹ́yìn tí okùn pupa já, àwọ̀n Bàbá mú ajá omi kan nísàlẹ̀ odò. Orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ìwọ̀ kan dí i lọ́nà ọ̀fun, òwú pupa tó gùn tó ìka kan sì ń rá bàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rà á lọ́jà. Bàbá gbé e fún ọmọ wọn, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà yọ ìwọ̀ náà, ó fi omi ṣàn án, ó jókòó sábẹ́ igi ọdán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bíréèkì.