Abúlé Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ní Zaria

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí àlejò ti ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn gíláàsì. Irú mìíràn wà, níbi tí iṣẹ́ àtijọ́ ti ń lọ lọ́wọ́ lójú àlejò. Ní Iona, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia, orílẹ̀-èdè Kánádà, irú abúlé bẹ́ẹ̀ wà fún àṣà àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Scotland. Wọn a jókòó yí tábìlì ká, wọn a máa lu aṣọ onírun àgùntàn, wọn a sì máa kọrin ní èdè Gaelic. Àlejò tí ó bá bá wọn lu aṣọ náà yóò gbọ́ èdè náà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rí láti Jos àti Zaria

Bernard Fagg ni ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ní àwọn ọdún 1970, ayàwòrán-ilé ará Poland, Zbigniew Dmochowski, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé tó jọ ti onírúurú ẹ̀yà Nàìjíríà síbẹ̀. Mọ́sálásí Jímọ̀ Zaria, tí ọ̀gá mọlémọlé Babban Gwani Mikaila mọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wà lára wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, apá kan mọ́sálásí Zaria gan-an wó lé àwọn olùjọ́sìn lórí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ògiri kò ní ayérayé. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń mọ tubali, amọ̀ olórí ṣóńṣó, àti bí a ṣe ń to azara, igi àjà tí a là lára ọ̀pẹ, ni ó lè tún un mọ. Bí iṣẹ́ náà bá kú, orúkọ wọ̀nyí yóò bá a lọ.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Yorùbá rí ní Sabon Gari. Ọmọ tí kò rí aláró rí kò lè mọ èlú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ìyàtọ̀ àárín àdìrẹ oníko, tí a fi ìko dì, àti ẹlẹ́kọ, tí a fi ẹ̀kọ yàwòrán sí. Kò di dandan kí ẹgbẹ́ kọ́ abúlé. Àgbàlá kan tó, pẹ̀lú ìkòkò aró méjì àti ìyá àgbà kan tí yóò máa fi Yorùbá nìkan kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́.

Ó yẹ kí a pe àwọn ará Haúsá tó wà ládùúgbò pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin ni í rẹ aṣọ láró, nínú kòtò. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni, nínú ìkòkò. Aró kan náà ni. Abala 21 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pa á láṣẹ kí ìjọba dáàbò bo àṣà Nàìjíríà. Abala 24 sì sọ pé ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni láti bá ẹlòmíràn gbé ní ìrẹ́pọ̀. Iṣẹ́ àgbàlá kan lè mú méjèèjì ṣẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè, ìsinsìnyí ni àsìkò láti fi ọmọ sábẹ́ wọn.