Báwo la ṣe ń dán ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wò?

Bí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ lè rò pé etí òun ló túbọ̀ ń di. Àpótí àyẹ̀wò ló máa ń fi òótọ́ hàn. Ó máa ń dín ariwo ìta kù. Sípíkà àti máíkì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ihò irin kékeré tó gba 2 cm³, èyí tó dúró fún ihò etí.

Òṣùwọ̀n tí kò pé, irọ́ ló máa wọ̀n. Nítorí náà, òṣùwọ̀n la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A ó ki máíkì bọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mú ìró kan ṣoṣo jáde: 1000 Hz, 94 dB. Bí ohun tí a kà bá yàtọ̀ sí 94, a ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, a ó pa òfìfo àpótí dé, kí ó lè mú ìró sípíkà dọ́gba láti orí èyí tó nípọn dé orí èyí tó tín-ín-rín.

Ó wá kan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. A ó so ó mọ́ ihò irin, a ó sì fi àmọ̀ rírọ̀ dí àlàfo, torí ìró tó nípọn máa ń jò dànù. 60 dB, tó sún mọ́ ohùn ìtàkúrọ̀sọ, ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn ga hàn. 90 dB ń fi ibi tí agbára rẹ̀ pin sí hàn, kí ó má baà ṣe etí léṣe.

Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ibi tó kàn mí jù nìyí. Nínú ìlànà ANSI S3.22 ti Amẹ́ríkà, ìpíndọ́gba èsì 1000, 1600 àti 2500 Hz ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ohùn tó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà: nǹkan bí 100 Hz fún ọkùnrin, 200 Hz fún obìnrin. Agbára /s/ inú “sá”, tó yà á sọ́tọ̀ sí “ṣá”, òkè 4000 Hz ló pọ̀ sí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn kò dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Gbogbo ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ ni kí ẹ wò.

Síbẹ̀, àpótí kò lè sọ bóyá ìyá àgbà gbọ́ “ọkọ̀” yàtọ̀ sí “ọkọ́”. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohùn nìkan fi yàtọ̀ síra ló lè sọ ìyẹn. Ta ló yẹ kó ṣe é, bí kì í bá ṣe àwa?