Láti Ògiri Júù Dé Mọ́ṣáláṣí Aqsa

Fìlà mi ló gbà mí ní Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn ní Jerúsálẹ́mù. Ọkùnrin kì í ṣí orí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá dé nǹkan kan yóò mú fìlà pélébé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà sọ́tùn-ún, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, nítorí wọ́n ti dá àárín. Àwọn Júù ń mì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń kàwé àdúrà, bí ọmọ ilé-kéú tó gbé wàláà dání. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni tiwọn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni tiwa. Wọn kì í bọ ère, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin: ta ni Mùsùlùmí fẹ́ bá jiyàn níbẹ̀? Àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ńpìlì wọn lọ́dún 70, síbẹ̀ ibi tó wà náà ni Júù ń kọjú sí gbàdúrà káàkiri ayé. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kún àlàfo òkúta bámúbámú. Ẹ̀gbọ́n mi ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Èmi kò ki nǹkan kan.

Ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, tí wọ́n yà sí mímọ́ lọ́dún 335, àlùfáà kan nawọ́ sí orí mi: kí n ṣí fìlà. Mo ṣí i. Bí èèyàn bá ṣe ń wọlé ni òkúta pẹrẹsẹ kan wà nílẹ̀, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti tọ́jú òkú Jésù kí wọ́n tó sin ín. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó da òróró sí i, ó sì ń fi ìborùn rẹ̀ nù ún tẹkúntẹkún. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibí gan-an lọ̀nà ti yà. Júù kò gbà pé Jésù ni Mèsáyà. Àwa gbà: Àlùkùráánì pè é bẹ́ẹ̀, ó ní wúńdíá ló bí i, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò pa á, wọn kò sì kàn án mọ́ igi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú wá sunkún gan-an ni ẹ̀sìn tèmi ní kò ṣẹlẹ̀. Ẹ sì wá gbọ́ o: ìdílé Mùsùlùmí kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ìran dé ìran, òmíràn ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìjọ mẹ́fà tó ń pín inú rẹ̀ lò.

Lẹ́nu ọ̀nà Haram, ọgbà tí mọ́ṣáláṣí Aqsa wà, ẹ̀ṣọ́ wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní kí n ka Fátíhà. Mo kà á, ó yà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síta; ẹnu ọ̀nà àti àkókò tó yàtọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Mo bọ́ bàtà, mo wọ ilé olórùlé wúrà tí Kálífà Abd al-Malik kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 691. Wọ́n fi Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ yí òkè ògiri ká: Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, kò bímọ, ìránṣẹ́ Rẹ̀ sì ni Ànábì Ísà ọmọ Màríámù. Ẹni tó kọ irú èyí sítòsí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, aládùúgbò ló ń bá wí.

Jerúsálẹ́mù ni àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ń kọjú sí kírun, kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n yí sí Káábà. Nígbà tí mo dúró sí ìlà fún ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí Aqsa, níhà gúúsù ọgbà náà, Mẹ́kà ni gbogbo wa kọjú sí. Àpáta inú ilé olórùlé wúrà, tí ọ̀pọ̀ Júù gbà pé orí rẹ̀ ni Tẹ́ńpìlì wà, ẹ̀yìn la kọ sí i.

Mo jáde. "Kí lo rí níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ orúkọ Jésù sára ògiri, Àǹtí."

Ojú rẹ̀ là. "Kí ni wọ́n kọ nípa rẹ̀?"

"Pé kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run."

Ó pòṣé. "Ohun tí wọn ò jẹ́ kí n wọlé lọ kà náà nìyẹn?"