Orúkọ Kan Náà, Ìtọ́jú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé oúnjẹ Faransé kan lálẹ́ ọjọ́ kan, kó bèèrè crème brûlée. Inú àwo kékeré ni wọ́n ń gbé e sí: pupa ẹyin, wàrà ọlọ́ràá, ṣúgà àti fànílà, tí wọ́n ti sè papọ̀ títí ó fi dì, tí wọ́n sì ti gbé sínú fíríìjì kó tutù. Ìgbà tí oníbàárà bá bèèrè ni alásè yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ṣúgà lé e lórí, tí yóò fi iná gáàsì jó o títí yóò fi pọ́n tí yóò sì le. Bí ṣíbí bá kàn án, ó gbọ́dọ̀ dún “pà!” kó tó fọ́, òkè rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìsàlẹ̀ á tutù. Bó bá dé orí tábìlì tí ṣúgà náà ti rọ̀, tó ti ń ṣomi, ó ti pẹ́ lórí kóńtà kí ẹnikẹ́ni tó yọjú sí i nìyẹn. Bí apá kan bá jóná kọjá tí apá kejì sì funfun, ẹni tó jó o ń kánjú ni.

Apá ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nílé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka púpọ̀, ìlànà kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ń tẹ̀ lé, ìwọ̀n ẹyin kan náà, ìwọ̀n ṣúgà kan náà. Òkè yẹn ló wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń dààmú gbogbo ilé oúnjẹ olówó tó ní ẹ̀ka káàkiri kò ju ìyẹn lọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nígboro. Roger Myers àti Karen Jones ló dá Café Rouge sílẹ̀ ní Richmond, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1989. Raymond Blanc, alásè ọmọ Faransé tí ilé oúnjẹ rẹ̀ tó ṣí ní 1984, Le Manoir aux Quat'Saisons, ti gba ìràwọ̀ Michelin méjì, ṣí Le Petit Blanc sí Oxford ní 1996, kí àwọn tí àpò wọn kò lè gbé Le Manoir lè rí ibi kan jẹun. Lára rẹ̀ ni ẹ̀ka Brasserie Blanc ti hù jáde. Côte dé lẹ́yìn wọn, ní Wimbledon, lọ́dún 2007. Kò ṣàjèjì rárá kí ìdílé Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester fi irú ibẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ìyàwó, tàbí kí wọ́n kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti gèlè. Aṣọ tábìlì mọ́, gíláàsì ń dán, owó rẹ̀ ò sì tó ti ibi tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ẹran ṣókótó láàárín àwo ràgàjì.

Ohun tí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ sì máa ń sọ kò jọra. Ẹnì kan á ní wọ́n tọ́jú òun bí ọba. Ẹlòmíràn, ní ẹ̀ka kan náà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní òun jókòó títí, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òun fẹ́ omi. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́.

Ẹni tó bá rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ oúnjẹ Faransé di ọjà ẹlẹ́ka púpọ̀ ti ṣì í mú. Alápatà kan ní Paris, Baptiste-Adolphe Duval, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1855, tó ń ta ẹran sísè pẹ̀lú omi ẹran fún àwọn òṣìṣẹ́ ọjà Les Halles. Bouillon ni wọ́n ń pe irú ilé oúnjẹ yìí. Nígbà tó fi máa di 1900, wọ́n ti tó nǹkan bí 250 ní Paris nìkan. Oúnjẹ Duval rọrùn, iye rẹ̀ kì í yí padà, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí wọ́n fi ìdọ̀bálẹ̀ kí òun. Ilé oúnjẹ ẹlẹ́ka òde òní fẹ́ ṣe ti Duval àti ti àwọn ńlá papọ̀: kí oúnjẹ yá bí ti ọjà, kí ìtọ́jú sì dà bí ti òtẹ́ẹ̀lì Savoy, níbi tí alásè Auguste Escoffier àti máníjà César Ritz ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1890. Escoffier pín iṣẹ́ ìdáná fún ọ̀wọ́ ènìyàn: ẹnì kan fún ọbẹ̀, ẹnì kan fún ẹran yíyan, ẹnì kan fún ẹja, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ka ilé oúnjẹ kan tó wà láàárín ilé ìtajà ńlá tó lè gba irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ síṣẹ́.

Èyí ló fà á tí oúnjẹ kan fi ń dára lójoojúmọ́ tí òmíràn sì ń ṣe ségesège. Ẹ wo confit de canard, itan pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n wá sè díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rá ara rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kí fíríìjì tó wà láyé làwọn ará Gascony ní Faransé ti ń fi ọgbọ́n yìí tọ́jú ẹran. Wọ́n lè sè é níbòmíràn, kí wọ́n dì í, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá. Iṣẹ́ ẹ̀ka kò ju kí wọ́n gbé e sínú ààrò kí awọ rẹ̀ lè gbẹ dáadáa. Ó ṣòro láti bà á jẹ́. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà náà rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n ti yan àlùbọ́sà títí tó fi pọ́n, ó ku búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí, ó parí.

Ẹran màlúù yíyan pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó díndín ni kò gba ẹ̀tàn. Agogo mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, tábìlì kan bèèrè ẹran mẹ́rin. Ọ̀kan saignant, tí inú rẹ̀ pupa tí omi rẹ̀ ṣì ń jáde. Méjì à point, tí àárín wọn ṣì pupa díẹ̀. Ọ̀kan bien cuit, tó jinná dénú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní dé orí iná papọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ papọ̀. Alásè ṣe tirẹ̀, ó tẹ aago. Bí agbáwo bá wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà míì tó ń gba káàdì ìsanwó, ẹran tó jinná níwọ̀n yóò máa jinná lọ lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń mú àwo gbóná, ànàmọ́ yóò sì máa rọ̀. Nígbà tó bá dé iwájú oníbàárà, alásè ni yóò gba èébú. (Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ẹran jíjinná tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn, kó tètè sọ bien cuit, kó sì tún un sọ. À point ti àwọn Faransé ṣì pupa ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè fojú wò lọ.)

Ta wá ni agbáwo yìí? Ní Paris, iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe ni. Láti 1914 ni ìlú náà ti ní ìdíje tí àwọn agbáwo ti máa ń fẹsẹ̀ yára rìn gba ìgboro pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́. Wọ́n pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó jí i dìde ní oṣù Kẹta 2024: nǹkan bí 200 agbáwo, kìlómítà méjì, ife kọfí, gíláàsì omi àti croissant kan lórí àtẹ, kò gbọ́dọ̀ sí eré sísá, omi kò sì gbọ́dọ̀ dà nù. Àwọn èèyàn tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ní ẹ̀ka ilé oúnjẹ kan ní Bìrìtìkó, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbé àwo wá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òfin físà kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ wa láti Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọ̀sẹ̀ tó bá fẹ́ mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé oúnjẹ sórí ni ìdánwò dé, ó di ká gba ẹlòmíràn. Ẹ̀ka tó bá ní máníjà tó mọ iṣẹ́, tó máa ń fúnra rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìdáná lálẹ́ Sátidé, kì í jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ẹni tuntun ló ń tọ́jú òun. Ibi tí máníjà bá ti wà nínú ọ́fíìsì, tó ń ṣírò ọjà, gbogbo rẹ̀ á hàn síta. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni, ẹni tó ni ilé oúnjẹ wọ̀nyí sì jìnnà sí tábìlì gan-an. Ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan, CBPE, ra Côte ní 2013. Ní 2015 ó bọ́ sọ́wọ́ olùdókòwò míì, BC Partners, ní mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti gbá ìgboro tán, Partners Group gbà á. Lọ́dún Kòrónà yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ tó ni Café Rouge wó, wọ́n sì ti ẹ̀ka 91 pa nínú nǹkan bí 250 tó ní.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bí oníbàárà nínú ni àṣìṣe. Ní Faransé, agbáwo kì í gbé ìwé owó wá láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, torí lójú wọn, ẹni tó gbé e wá fúnra rẹ̀ ń lé àlejò dìde ni. Kì í wá béèrè ní gbogbo ìṣẹ́jú bóyá oúnjẹ dùn. Tí ẹni tó ń jẹun bá to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àwo, ó ti sọ fún un pé òun ti parí. Tí wọ́n bá dojú kọra wọn, kó má fọwọ́ kàn án. Omi ẹ̀rọ náà kò yẹ kó di ìjà: ọ̀fẹ́ ni nílé oúnjẹ ní Faransé, láti 2010 sì ni òfin ti ní kí ibi gbogbo tó ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí ní England àti Wales máa fún oníbàárà tó bá béèrè lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni kò ṣeé fọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ní Faransé, owó ìtọ́jú ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ìwé oúnjẹ. Ohun tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, inú rere rẹ̀ ni. Ní Bìrìtìkó, wọ́n máa ń fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e nísàlẹ̀ ìwé owó. Ẹni tó jẹ oúnjẹ 80 pọ́n-ùn yóò san 90. Ọ̀pọ̀ rò pé ọwọ́ agbáwo ni mẹ́wàá yẹn ń lọ. Ní 2015, ìwé ìròyìn Evening Standard gbé e jáde pé gbogbo owó náà ni Côte ń mú. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà sọ ni pé òun fi ń san owó oṣù tó ju èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ. Ariwo ta, ìjọba ní àwọn yóò wádìí, àwọn ilé oúnjẹ ńlá míì náà kó sínú ọ̀rọ̀. Ó gba ọdún mẹ́sàn-án kí òfin tó dé ìdí rẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, ní England, Scotland àti Wales, gbogbo owó ìtọ́jú àti ẹ̀bùn oníbàárà tó gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má yọ kọ́bọ̀ àfi owó orí.

Ilé oúnjẹ Faransé kan wà tó gbọ́n ju ìṣòro ségesège oúnjẹ àti ìtọ́jú yìí lọ. Paul Gineste de Saurs ṣí Le Relais de Venise sí Porte Maillot ní Paris ní 1959, ó sì ti ní ẹ̀ka ní Lọ́ńdọ̀nù láti 2005. Kò sí ìwé oúnjẹ ńlá. Ewébẹ̀ tútù pẹ̀lú àsálà òyìnbó ló ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ẹran yíyan, ọbẹ̀ rẹ̀ àti ànàmọ́ díndín. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ dúdú pẹ̀lú épírọ̀nù funfun ló ń gbé e kiri, ìbéèrè tí wọ́n sì ní kò ju pé báwo lo ṣe fẹ́ kí ẹran rẹ jinná tó, wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà tó bo tábìlì. Bí o bá jẹ tán, wọ́n á bu ìdajì tó kù wá ní gbígbóná. Ẹnikẹ́ni kì í fi orúkọ gba àyè sílẹ̀. Kí o tò ni. Ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ kéré, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe kò pọ̀. Àwọn ẹlẹ́ka yòókù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ẹja, ẹni tó fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ àti ọmọ tó fẹ́ adìyẹ jókòó sí tábìlì kan náà.

Kí oníbàárà wá ṣe? Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Bí oúnjẹ bá dé tó tutù, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ béèrè máníjà. Èyí tó bá di ìráhùn lẹ́yìn tí ẹ ti délé, ìdáná ò lè tún un ṣe mọ́. Òfin Bìrìtìkó ti ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní kí wọ́n fi ìṣọ́ra àti ìmọ̀ iṣẹ́ tọ́jú yín. Owó ìtọ́jú tí wọ́n bá kọ pé ó wà lọ́wọ́ oníbàárà kì í sì í ṣe dandan. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ló jóná, iye ẹran ni kí ẹ ní kí wọ́n dín, torí ilé iṣẹ́ ló ni ìyẹn. Àpò agbáwo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni owó ìtọ́jú ti ń jáde báyìí.