Ọkọ̀ Fáíbà Àtijọ́: Ibi Tí Ojú Kò Tó Ni Ewu Wà

Púpọ̀ nínú òjò tó ń rọ̀ sí òkè Kétu ń bá odò Ouémé, níhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, lọ sínú adágún Nokoué lẹ́bàá Kùtọnù, ní orílẹ̀-èdè Benin. Lóòótọ́, àwọn Faransé la ọ̀nà omi láti adágún yìí dé òkun lọ́dún 1885, omi iyọ̀ sì ń gbabẹ̀ wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí odò bá kún láti oṣù Kẹsàn-án, omi aláìníyọ̀ a gba gbogbo ibẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ ró síbẹ̀ mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa tètè wọ ara fáíbà ju omi òkun lọ.

Láti ṣe ọkọ̀ fáíbà, òwú gíláàsì ni wọ́n ń tẹ́ léra, tí wọ́n á fi résìn pa pọ̀ títí yóò fi gan. Ray Greene ti ṣe irú ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942. Nígbà tí ọkọ̀ onígbòkun Pearson Triton dé ọjà ní 1959, ọkọ̀ fáíbà di ti gbogbo ayé. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é kò tíì mọ bí agbára rẹ̀ ti tó, ni wọ́n bá ṣe é nípọn gan-an. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ wọn fi ṣì wà lórí omi.

Omi tó yọ́ wọlé a bá èròjà résìn tí kò jinná tán, a sọ ọ́ di oje kíkan, ìdí ọkọ̀ á sì lé ròrò. Èyí ló ń já àwọn oníbàárà láyà jù, bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí ó ri ọkọ̀.

Òkè ọkọ̀, níbi tí à ń tẹ̀ rìn, ni kí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa. Igi bálúsà fífúyẹ́ ló sábà máa ń wà láàárín fáíbà méjì níbẹ̀. Bí omi bá gba ihò bóòtù kan ṣoṣo wọlé, igi náà á jẹrà, òkè á ṣì máa dán, bí ògiri amọ̀ tí òjò gba orí rẹ̀ wọnú. Ẹ fi hámà kékeré kàn án: ibi tó le á dún kọ́kọ́, ibi tó ti rà á dún bọ̀ọ̀. Irin tó di okùn òpó ìgbòkun mú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ní kì í dípata, a máa jẹ níbi tó ti gba inú fáíbà kọjá, tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Èyí tó ń pààyàn ni irin wúwo tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ìdí ọkọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2014, irin wúwo abẹ́ ọkọ̀ onígbòkun Cheeki Rafiki já ní àárín Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ náà dojú dé, èèyàn mẹ́rin ló bá a lọ. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é, kò tilẹ̀ gbó. MAIB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ omi ní Britain, sọ pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tí ó ti fi ìdí gbá sẹ́yìn ti tú ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, láìsí ẹni tó rí i. Nokoué kò sì jìn: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó mítà 2. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbá ilẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n wo àyíká bóòtù irin ìdí náà lójú méjèèjì, nínú àti lóde.